Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi, wọn ò fún mi níṣẹ́

Ọmọkùnrin tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò dìde dúró nígbà tí mo wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló fa àga fún mi. "Ẹ kú ìrìn mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó bi mí bóyá omi tútù ni mo fẹ́ àbí èyí tí kò tutù. Bí mo ṣe wò ó, kò lè ju ọmọ ọdún 29 lọ, ó sì hàn pé wọ́n tọ́ ọ dáadáa nílé. Ó ṣí CV mi, ó kà á dé ojú ewé kejì, ó pa á dé, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, "Mà, ẹ má bínú sí mi o. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá yín wí? Ẹ tó bí mi lọ́mọ."

Mo fèsì. Mo ní ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ, "sà" ni mo sì ń pè é fún ọdún mẹ́rin gbáko. Bí mo bá ṣe ohun tí kò tọ́, ó máa ń sọ ọ́ fún mi, màá sì tún un ṣe. Ó mi orí, ó ní òun gbọ́. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹrí ba bí ọmọ ṣe ń kí àgbà, ó ní àwọn á pè mí. Oṣù Kẹta ọdún yìí nìyẹn. Oṣù Kẹwàá la wà yìí, wọn ò tíì pè.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ padà láti Ìkẹjà sí Agbádó lọ́jọ́ náà, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ lójú ọ̀nà. Ká ní ó rí mi fín ni, ǹ bá bínú, ìbínú náà ì bá sì ti rọlẹ̀ kí n tó délé. Àmọ́ ọmọ yẹn ò rí mi fín. Ọ̀wọ̀ tó ní fún mi gan-an ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ojú yín ti rí i, tàbí kẹ̀, ẹ̀yin lẹ wà lórí àga tí ọmọkùnrin yẹn jókòó sí.

Ọmọ ọdún 46 ni mí. 1979 ni wọ́n bí mi, ọdún tí Ṣàgárì gorí àlééfà. Mo gba HND ní ẹ̀ka SLT, ìyẹn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ láàbù, ní Polí Abẹ́òkúta, mo ṣe àgùnbánirọ̀, nígbà tó sì di 2005 mo wọ iléeṣẹ́ ọṣẹ kan lágbègbè Ọ̀tà. Ọdún 19 ni mo lò níbẹ̀. Ẹ̀ka QC ni mo wà. Ìyẹn ni pé èmi ni mo máa yẹ nǹkan wò kó tó wọlé, èmi náà ni mo máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde.

Bí táńkà àdín bá dé sí géètì, kò gbọdọ̀ já epo kankan sílẹ̀ títí màá fi gun àkàbà lọ sórí rẹ̀. Àwọn tó ń ta epo mọ̀ pé òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bu epo wò, òkè náà sì ni wọ́n máa ń fẹ́ kí ẹ ti bù ú. Bẹ́ẹ̀ epo fúyẹ́ ju omi lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bomi là á lójú ọ̀nà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni omi náà máa lọ jókòó sí. Mo ní ìgò irin kan tó ní ìdérí, okùn méjì ló wà lára rẹ̀. Màá fi okùn kan sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ìró rẹ̀ á fi sọ fún mi pé ó ti kan ìdí táńkà, ìgbà yẹn ni màá tó fa okùn kejì kí ìdérí lè ṣí. Ní 2016, mo fa ìgò náà sókè, omi ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Awakọ̀ bẹ̀ mí títí, ó na owó sí mi, ó ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Mo dá táńkà náà padà. Inú mi ò dùn sí i, torí ojú ọkùnrin náà pọ́n, àmọ́ bí mo bá gba epo yẹn wọlé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko la ó fi máa ṣe ọṣẹ tí kò ní dára.

Kò sí ibi tí èèyàn ń kọ irú nǹkan báyìí sí nínú CV.

Ó yẹ kí n sọ bí ọdún 2023 ṣe rí fún àwa tó wà nídìí ọṣẹ. Sódà tí a fi ń ṣe é, òkè òkun la ti ń rà á. Lọ́fínńdà inú rẹ̀, òkè òkun ni. Nígbà tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan tó jẹ́ bíi N460 ní báńkì fò kọjá N700 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó sì máa fi di oṣù Kejì 2024, ó ti lé ní N1,500. Kódà kí náírà tó ṣubú rárá, ní oṣù Kẹta 2023, Unilever ti kéde pé àwọn ò ní ṣe OMO, Sunlight àti Lux mọ́ nílẹ̀ wa, iléeṣẹ́ tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1923, tó sì jẹ́ pé ọṣẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. GSK, iléeṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, kéde tiwọn ní oṣù Kẹjọ. Procter & Gamble kéde tiwọn ní oṣù Kejìlá. Iléeṣẹ́ tèmi ò sí lára àwọn wọ̀nyí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ fojú inú wo iye àwọn tó mọ iṣẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀ tó bọ́ sí títì láàárín ọdún kan, tí gbogbo wa sì ń lé ìwọ̀nba iṣẹ́ kan náà kiri.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2024, ni wọ́n kó àwa 38 jọ sínú yàrá ìjẹun. Kóòtù funfun láàbù ṣì wà lọ́rùn mi. Wọ́n pín lẹ́tà. Abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, àmọ́ kí wọ́n wo ìmọ̀ọ́ṣe àti ìṣòótọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ pọ̀ jù ló kọ́kọ́ lọ, àwọn tí owó oṣù wọn pọ̀ jù sì ni àwọn tó ti pẹ́ jù. Wọ́n ní kí n dá káàdì géètì padà. Ọmọ tó gbà á lọ́wọ́ mi, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di bùrẹ́ẹ̀tì, gíláàsì gígùn tí a fi ń wọn kẹ́míkà, mú nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa ní 2015. Kò lè wò mí lójú. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, mo sì jáde.

Ìwé ẹléwé 60 tí àbíkẹ́yìn mi ò lò tán ni mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀ láti ìgbà náà. Ọjọ́ tí mo kọ̀wé, iṣẹ́ tí wọ́n polówó, ibi tí ó wà, èsì. Ìlà tó wà fún èsì ló mọ́ jù nínú ìwé náà. Títí di àná, iṣẹ́ 143 ni mo ti kọ̀wé sí. Mọ́kànlá fèsì. Márùn-ún ní kí n wá.

Ìpolówó kan wà tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà. Wọ́n ń wá alábòójútó láàbù tó ní ìrírí ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, kí ọjọ́ orí rẹ̀ má sì ju 30 lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọ yunifásítì lọ́mọ ọdún 18 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ á bá a níbẹ̀. Ti 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Bó bá jáde ní 24, tó ṣe àgùnbánirọ̀ dé 25, tí ó sì rí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tó bọ́ khaki, ìrírí ọdún márùn-ún ni yóò ní nígbà tó bá pé 30. Ẹni tí wọ́n ń wá yẹn, ìyá rẹ̀ ò tíì bí i. Òfin iṣẹ́ ọba alára gbà kí wọ́n gba ẹni tí kò tíì ju 50 lọ síṣẹ́. Níbo ni àwọn aládàáni ti rí 30?

Àkọ́bí mi, tó wà ní yunifásítì, ló bá mi tún CV mi ṣe. Alẹ́ ọjọ́ kan báyìí, iná ti lọ, orí fóònù àti láńtà la gbára lé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ yọ ọjọ́ ìbí yín kúrò." Nígbà tiwa, ohun tí èèyàn ń kọ́kọ́ kọ nìyẹn: ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, bóyá èèyàn ti lọ́kọ. Ó yọ ọ́. Ó yọ ọdún tí mo jáde ní Polí. Ó wá ní, "Ibi tẹ́ ẹ kọ láti 2005 dé 2014 yìí náà, ká yọ ọ́, kí wọ́n má baà ṣírò." Ó fi ìka fa àwọ̀ búlúù bo gbogbo rẹ̀ lójú fóònù.

Nínú àwọn ọdún yẹn ni mo bí òun náà. Ilé ọmọ wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́yìn géètì wa nígbà náà. Bí aago bá ti lù fún oúnjẹ ọ̀sán, mi ò ní jẹun, màá sáré lọ fún un lọ́mú, màá sì sáré padà kí àwọn ọ̀gá tó wọlé. Mo rò pé ó rí ohun kan lójú mi, torí ó gbé ìka kúrò lójú fóònù, ó ń wò mí. Mo ní kó máa ṣe é lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ọdún mẹ́sàn-án sì pòórá.

Òótọ́ ni pé CV kúkúrú yẹn ṣiṣẹ́ jù. Nínú ìpè márùn-ún tí mo rí, mẹ́rin ló dé lẹ́yìn tí a gé e. Ó máa ń gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ti wọlé báyìí, wọ́n á rí ojú mi, ọ̀rọ̀ á sì yí padà sí "mà". Lọ́dọ̀ ẹlòmíì, orí kọ̀ǹpútà ló ti máa ń parí. Wọ́n á ní kí ẹ mú ọdún tí wọ́n bí yín, ẹ ó máa fa àwọn ọdún náà sílẹ̀, 2003, 1998, 1990, ẹ ó máa fà á lọ kẹ́ ẹ tó dé ibi tiyín, bẹ́ẹ̀ ẹ ò sì lè lọ sí ojú ewé kejì láìmú un.

Ìpè kan tún wà tí mi ò kà mọ́ márùn-ún yẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́: ẹ wá sí Ọ̀gbà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ mú CV dání, ẹ múra dáadáa. Mo dá bùbá òyìnbó mi funfun kalẹ̀ lálẹ́, mo lọ̀ ọ́. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo kúrò nílé. Nígbà tí mo débẹ̀, gbọ̀ngàn ńlá ni, àga oníke bí ọgọ́ta, orin ń dún kíkan, ọmọkùnrin kan di gbohùngbohùn mú, ó ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a fẹ́ di olówó. Ọjà àgbàtà ni wọ́n fẹ́ ká máa tà, N15,000 ni kí kálukú kọ́kọ́ san. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó dàgbà jù mí lọ, irun orí rẹ̀ ti funfun. Kóòtù àti táì ni ó wọ̀. Ó fi náílọ́ọ̀nù wé àpò ìwé rẹ̀ torí òjò, ó sì gbé e lé orúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Nígbà tí wọ́n dárúkọ owó, ó rọra tú náílọ́ọ̀nù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé rẹ̀ ò tutù, ó tún un wé, ó sì dìde. A jọ rìn dé ibùdókọ̀. Ó ní ọdún 27 ni òun fi ṣe ìṣirò owó fún iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan. A ò bára wa sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Mo gbàdúrà fún un nínú ara mi títí mo fi délé, mo ṣì ń gbà á.

Àwọn èèyàn gbà mí nímọ̀ràn kí n lọ búra fún ọjọ́ orí tuntun ní kóòtù. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ebi ò mọ ẹni tó burú, àmọ́ èmi ò lè ṣe é. Gbogbo ọdún 19 tí mo fi ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ń sanwó fún mi lé lórí ni pé bí mo bá kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀, òótọ́ ni nọ́ńbà náà.

Ti owó, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 gba ẹni tí kò tíì pé 50 láàyè, bó bá ti lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́, kó gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà lórúkọ rẹ̀. Mo gbà á. Owó ilé ọdún kan àti owó ilé ìwé ló gbé e lọ. Bàbá àwọn ọmọ jẹ́ olùkọ́, kò fi ìgbà kan sọ ọ̀rọ̀ tó lè dùn mí, Ọlọ́run ló mọ iye ìgbà tí òun náà kò sùn.

Àwa tí wọ́n jọ dá dúró ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp. Ọ̀kan ń wa Bolt. Ọ̀kan ti lọ dá oko ẹ̀gẹ́ lápá Ìmẹ̀kọ. Ọ̀kan wà ní ìlú Òyìnbó, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹnì kan wà tó fi ọdún 22 tọ́jú bọ́ílà wa. Ó máa ń gbé etí sún mọ́ páìpù, á ní "ibí yìí ló ti ń jò," wọ́n á tú u, ibẹ̀ náà ni. Géètì ilé ìwé aládàáni kan ló ń ṣọ́ báyìí. Ó fi àwòrán ara rẹ̀ nínú aṣọ sìkiọ́rítì ránṣẹ́ sí wa, gbogbo wa kí i kú oríire, mo sì gbé fóònù mi kalẹ̀.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin Ìkẹjà yẹn, torí òun ló jẹ mí lógún jù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè lákìísà tó ti àgbà. Lójú àwọn tó ń gbani síṣẹ́, àkísà yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ń rí lára wa. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní àṣà ni. Wọ́n á ní ọmọ Yorùbá ò lè rán àgbà níṣẹ́, kò lè bá a wí, ojú á ti í.

Àmọ́ ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà wa rí? Ìyàwó tí wọ́n gbé wọ agbo ilé lónìí, bó ti wù kó dàgbà tó, ọmọ ọdún méjì tó bá nínú ilé náà, ọkọ ló jẹ́ fún un. Kò gbọdọ̀ pe ọmọ náà lórúkọ. Ìyá ọkọ mi kọ́ mi ní èyí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé, mo sì ṣe é: àbúrò ọkọ mi tí mo fi ọdún mọ́kànlá jù lọ, "Akọ̀wé" ni mo ń pè é títí dòní. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Sángo, ẹ ó rí bàbá ẹni 40 ọdún tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ọdún 25. "Ọ̀gá" ló ń pè é, ó ń bá a gbé spanner, bó bá sì tú nọ́ọ̀tù sódì, ọ̀gá náà á sọ fún un. Ẹni tó bá ẹni nínú ilé ni àgbà nínú ilé náà. Ó ti wà nínú wa tipẹ́ pé èèyàn lè dàgbà kó sì wà lábẹ́ ẹni tó kéré sí i, kí ọ̀wọ̀ má sì fọ́. Ọ́fíìsì nìkan la ti gbàgbé rẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé ohun tó dára nínú ìwà wa la fi ń gba oúnjẹ lẹ́nu ara wa.

Ní oṣù Kẹfà, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan mú mi lọ bá Alhaja kan ní Ìjọkò tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ. Òun náà kéré sí mi, á tó ọdún mẹ́wàá. Kò béèrè CV. Ó kó ọṣẹ mẹ́ta sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ gbà mí, auntie. Kí ló ń ṣe ọṣẹ mi?" Ìyẹ̀fun funfun ti bò wọ́n lára bí ẹni da èlùbọ́ sí wọn. Ó ní àwọn oníbàárà ń dá a padà, ọwọ́ wọn ń bó. Ó ti ń rò ó pé kí òun ta àwọn ẹ̀rọ náà.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú báàgì mi. Mo fi ọ̀bẹ fá díẹ̀ lára ọṣẹ náà sínú ife gíláàsì, mo da ẹ́tánọ́ọ̀lù lé e, mo gbé ife náà sínú omi gbígbóná títí ó fi yòrò. Mo wá kán phenolphthalein, kẹ́míkà tó máa ń pọ́n bó bá pàdé sódà, tí mo rà ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú ẹsẹ̀ ló pọ́n, ó pọ́n bí omi sóbò. Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ kó orí jọ, wọ́n ń wò ó. Mo sọ fún wọn pé sódà tí kò rí epo bá dàpọ̀ ló pọ́n yẹn, òun ló ń bó àwọn èèyàn lọ́wọ́, òun náà ló ń hu funfun síta lára ọṣẹ.

Mo bi Alhaja léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ronú. Ó ní láti ìgbà tí àdín ti gbówó lórí, epo pupa tí wọ́n ti yọ àwọ̀ rẹ̀ ni òun fi ń dípò ìdajì. Mo ní, "Ṣé ẹ dín sódà kù?" Ó ní rárá, bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn, sódà ò yẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà. Epo ò dọ́gba níwájú sódà. Kílò àdín kan máa ń gba sódà bíi gíráàmù 175 kí gbogbo rẹ̀ tó di ọṣẹ. Kílò epo pupa kan ò gbà ju bíi 140 lọ. Ìkòkò Alhaja máa ń gba ọgọ́rùn-ún kílò epo, sódà kílò 17 àti ààbọ̀ ló sì ń dà sí i láti ọjọ́ tó ti ń lo àdín nìkan. Nígbà tó pín in sí méjì, kílò 15 àti díẹ̀ ni ìkòkò náà ń fẹ́. Ohun tó lé ní kílò kan àti ààbọ̀ ń ṣẹ́kù nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan láìrí ẹni bá ṣe nǹkan, ọwọ́ àwọn ìyá tó ń fọ aṣọ ló sì lọ ń bá. Mo ṣe ìṣirò náà sórí páálí níwájú rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní, "Oṣù mẹ́jọ, auntie. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń sunkún lórí nǹkan yìí."

Ìkòkò tó tẹ̀ lé e, a dín in. A dúró títí ó fi dì, mo fá a, mo yọ́ ọ, mo kán an. Kò pọ́n. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi láti dúró kí n máa wo omi tí kò yí àwọ̀ padà. Ó ti tó oṣù mẹ́rìndínlógún tí ọwọ́ mi ti ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí. Owó tó lágbára láti san ò tó ìdámẹ́rin ohun tí mo ń gbà tẹ́lẹ̀, òun náà mọ̀, kò sì fi pamọ́ fún mi. Torí náà mo ṣì ń wáṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣì ń jókòó ti fóònù àti ìwé ẹléwé 60 mi. Mo ti ní kí àkọ́bí mi dá àwọn ọdún mẹ́sàn-án yẹn padà sínú CV. Ó béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Bí wọ́n bá máa kọ̀ mí, kí wọ́n kọ gbogbo mi.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ Alhaja tó ń po ọṣẹ, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ń wọn sódà sínú abọ́, mo ń bá Alhaja sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì yọ ìwọ̀n abọ́ kúrò."

Mo wo ojú òṣùwọ̀n. Òótọ́ ló sọ, gíráàmù 340 abọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, "O ṣé, ọmọ mi." Mo da sódà náà padà, mo tẹ bọ́tìnnì títí ó fi ka òdo, mo tún un wọ̀n.